Ta Ni Ìyáàfin Pinkham? Ìtàn Ìpolówó Oògùn fún Àwọn Obìnrin Nínú Ìwé Àtìgbàdégbà Amẹ́ríkà

Ọ̀kan nínú ohun tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nínú lítíréṣọ̀ alohùn ni ìpolówó ọjà. A máa ń sọ fún wọn pé kò sí ọlọ́jà tí ó jẹ́ sọ pé ọjà òun kò dára. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀kọ yóò yin ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹni tí ó ń kiri àgbo yóò ka gbogbo àìsàn tí àgbo náà ń wò lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí a kì í sábà rán wọn létí ni pé ìpolówó ojú ọjà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀kọ yóò fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná. Ẹni tí ó fẹ́ ra àgbo mọ ìyá alágbo, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ẹni tí yóò lọ bá bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Nígbà tí ìpolówó kúrò lẹ́nu ènìyàn tí ó bọ́ sórí ìwé, ẹ̀rí yìí parẹ́. Òǹkàwé kò rí ọlọ́jà mọ́. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni ó ń rí.

Mo fẹ́ kí á fi ìtàn kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: bí àwọn olóògùn ṣe ń polówó oògùn fún àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn àti ìwé àtìgbàdégbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Amẹ́ríkà ni mo mú nítorí pé àkọsílẹ̀ ìtàn náà pọ̀ níbẹ̀, òfin tí ó sì tìdí rẹ̀ jáde hàn gbangba. Ohun tí ìtàn náà fi hàn mí ni pé kì í ṣe irọ́ ni irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìrora obìnrin tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Lórí òtítọ́ náà ni wọ́n ti wá ń gbé ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò dáadáa kà.

OLÙKỌ́ TÍ Ó DI OLÓÒGÙN

Ní ọdún 1819 ni a bí Lydia Estes ní ìlú Lynn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìdílé tí ó kórìíra òwò ẹrú ni ó ti jáde. Frederick Douglass, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé náà nígbà tí òun náà ń gbé ní Lynn. Lydia ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó fẹ́ Isaac Pinkham ní 1843. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé nígbà náà, ó máa ń se àgbo fún ìlò ilé rẹ̀, a sì máa fún àwọn aládùúgbò náà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1873, gbèsè wọ Isaac lọ́rùn. Ní 1875 ni ìdílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àgbo Lydia nínú ìgò, dọ́là kan fún ìgò kan. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Lydia E. Pinkham's Vegetable Compound.

Egbò àti èso igi ni ó wà nínú rẹ̀. Ọtí náà wà níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 18 nínú 100. Àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà ṣe ni pé ọtí ni kì í jẹ́ kí egbò náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọtí inú rẹ̀ ju ti bíà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, àwọn obìnrin tí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí láéláé sì ń fi ṣíbí mu ún láìfura.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń rà á? A kò gbọdọ̀ yára pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn dókítà ìgbà náà ní láti fún wọn. Láti 1872, dókítà Robert Battey ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ikùn obìnrin láti gé àpò ẹyin rẹ̀ kúrò, kódà bí àpò ẹyin náà kò bá ní àrùn kankan, kí ìrora nǹkan oṣù lè dópin. Ọ̀pọ̀ dókítà tún tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn nínú irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kú. Ìtìjú pẹ̀lú kì í jẹ́ kí obìnrin tú ara rẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì. Bí a bá fi ìgò àgbo kan wé ọ̀bẹ Battey, a ó rí i pé ẹni tí ó mú ìgò náà ní ìdí tirẹ̀.

Ní 1879, àwọn Pinkham fi àwòrán ojú Lydia sínú ìpolówó wọn. Ojú náà tutù, ó jọ ti ìyá tí ènìyàn lè finú hàn. Kò pẹ́ tí ojú yìí fi di ọ̀kan nínú ojú obìnrin tí a mọ̀ jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìpolówó náà tún ń rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n kọ ìwé ìṣòro wọn sí Ìyáàfin Pinkham, ó sì ń fi dá wọn lójú pé ọkùnrin kankan kò ní fojú kan ìwé náà. Ìwé ń wọlé ṣáá, èsì sì ń jáde. Nínú èsì wọ̀nyí, obìnrin ń rí ìmọ̀ràn gidi gbà nígbà mìíràn, nípa ìmọ́tótó, oúnjẹ àti ìsinmi. Ṣùgbọ́n a kì í gbàgbé láti dárúkọ oògùn inú ìgò náà. Bí a bá tún gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ̀wé, ìwé tirẹ̀ náà yóò di ìpolówó lọ́jọ́ mìíràn.

Lydia kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1883. Ìpolówó kò yí padà. Àwọn obìnrin ń kọ̀wé sí Ìyáàfin Pinkham, Ìyáàfin Pinkham sì ń fèsì.

OLÓÒTÚ TÍ Ó KỌ OWÓ

Ọdún tí Lydia kú gan-an ni Cyrus Curtis dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní ìlú Philadelphia, ìyẹn Ladies' Home Journal. Ìyàwó rẹ̀, Louisa Knapp Curtis, ni olóòtú àkọ́kọ́. Ní 1889 ni Edward Bok, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré, gba ipò náà.

Ní àkókò yìí, owó ìpolówó oògùn wà lára owó tí ó ń gbé ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ró. Síbẹ̀, ní 1892, Ladies' Home Journal kéde pé òun kò ní gba ìpolówó irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó ńlá ni Curtis fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò kú. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹ̀dà tí ó ń tà ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Bok kò dúró síbẹ̀. Ní 1904 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí ohun tí ó wà nínú àwọn oògùn náà. Ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó kọ ọ́ pé àwọn ohun olóró kan wà nínú oògùn obìnrin tí Dókítà Pierce ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní Favorite Prescription. Àyẹ̀wò àtijọ́ ni ó gbójú lé. Nígbà tí wọ́n tún oògùn náà yẹ̀ wò, wọn kò rí ohun tí ó sọ. Bok tọrọ àforíjì nínú ìwé rẹ̀, síbẹ̀ Pierce pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi apá ìtàn yìí sọ́kàn. Ẹni tí ó ń bá irọ́ jà pàápàá gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò kí ó tó gbé e jáde.

Lẹ́yìn èyí, Bok gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin, Mark Sullivan, láti máa wá ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro. Ní 1905, Ladies' Home Journal gbé ohun méjì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkíní ni ìpolówó tí ó ní Ìyáàfin Pinkham wà ní Lynn, ó ń tọ́jú àwọn obìnrin. Èkejì ni àwòrán ibojì Lydia Pinkham, níbi tí a ti kọ ọ́ sára òkúta pé ó kú ní 1883. Òkú ọdún méjìlélógún ni ó ń fèsì ìwé! Àwọn àgbà wa kò purọ́ tí wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ilé iṣẹ́ náà ní àwíjàre. Wọ́n ní Ìyáàfin Pinkham kan wà lóòótọ́: Jennie, ìyàwó Charles ọmọ Lydia. Bí a bá fi ojú ọ̀rọ̀ lásán wò ó, wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Jennie ni àwọn obìnrin rò pé àwọn ń kọ̀wé sí. Ojú tí ó wà lára ìgò ni wọ́n ń finú hàn. Ẹ wo bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́ tan ènìyàn jẹ.

Sullivan tún rí ohun mìíràn. Nínú àdéhùn tí àwọn olóògùn ń bá àwọn ìwé ìròyìn ṣe, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìpínlẹ̀ náà bá ṣe òfin tí ó lòdì sí oògùn wọn, àdéhùn ìpolówó náà yóò di òfo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oníwèé ìròyìn tí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ ní láti bá wọn dènà òfin. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Àpilẹ̀kọ náà gùn jù fún ìwé Bok, nítorí náà ó gbé e fún Collier's, tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kọkànlá 1905. Oṣù kan ṣáájú ni Samuel Hopkins Adams ti bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ nínú Collier's kan náà, tí ó pè ní The Great American Fraud.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1906, Ààrẹ Theodore Roosevelt fọwọ́ sí òfin oúnjẹ àti oògùn. Láti ìgbà náà, olóògùn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ìgò bí ọtí, mọ́fíìnì, kokéènì tàbí irú ohun bẹ́ẹ̀ bá wà nínú oògùn rẹ̀, àti bí ó ti pọ̀ tó. Ìṣẹ́gun ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ara ìgò ni òfin náà mọ. Kò kan ìpolówó inú ìwé. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Àárín àwọn ọdún 1920 ni oògùn Pinkham tà jù lọ.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A FI AṢỌ BÒ

Òfin mìíràn tún wà tí ó da ọ̀rọ̀ rú. Ní 1873, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Anthony Comstock. Ó ka ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí mọ́ ohun ìṣekúṣe, kò sì gbà kí a fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí kí a polówó rẹ̀ níbẹ̀. Òfin kò lè mú kí obìnrin tí ó ti bímọ púpọ̀ má wá ọ̀nà láti sinmi. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ gbangba di ọ̀rọ̀ bòńkẹ́lẹ́.

Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, ìpolówó Lysol gba ojú ìwé àtìgbàdégbà àwọn obìnrin kan. Oògùn apakòkòrò ni Lysol, irú èyí tí a fi ń fọ ilẹ̀ àti ilé ìwẹ̀. Ìpolówó náà ní kí obìnrin pò ó mọ́ omi, kí ó fi fọ ojú ara rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n pè ní ìmọ́tótó obìnrin. Àwọn òǹkàwé mọ ohun tí gbólóhùn náà fi bò: wọ́n gbà pé yóò dènà oyún. Kò sì lè dènà rẹ̀ bí wọ́n ti rò. Ohun olóró tí ń jẹ́ cresol wà nínú Lysol ìgbà náà, ó sì ń bó ara. Láti 1911 ni àwọn dókítà ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin tí ó fara pa àti àwọn tí ó kú lẹ́yìn tí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ìpolówó kò dárúkọ oyún rárá, ẹni tí ó lóyún lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ẹjọ́ rò.

Kókó ìtàn inú àwọn ìpolówó wọ̀nyí kò yàtọ̀ síra. Ọkọ kan ti di ọlọ́kàn tútù sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń sunkún. A wá sọ fún un pé àìtọ́jú ara rẹ̀ ni ó fà á. Lydia Pinkham sọ fún obìnrin pé ara ń ro ó, òtítọ́ sì ni. Lysol sọ fún un pé òun ni ó jẹ̀bi. Ìtìjú ti di ohun èlò ọlọ́jà.

Ní 1937, oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní Elixir Sulfanilamide pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Amẹ́ríkà. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ní 1938 ni òfin tuntun wá sọ pé olóògùn gbọ́dọ̀ fi hàn pé oògùn kò léwu kí ó tó tà á. Ọdún kan náà ni òfin mìíràn fún àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó òwò lágbára láti dojú kọ ìpolówó oògùn tí ó bá jẹ́ irọ́.

NÍGBÀ TÍ ÌPOLÓWÓ DI ÀPILẸ̀KỌ

Bí àwọn oògùn tuntun ti ń jáde, púpọ̀ nínú wọn di èyí tí dókítà nìkan lè kọ fún aláìsàn. Ìpolówó wọn bọ́ sínú ìwé àwọn dókítà. A lè rò pé ìwé àwọn obìnrin ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Láti 1942 ni wọ́n ti ń ta Premarin, oògùn tí wọ́n ń fa èròjà rẹ̀ jáde láti inú ìtọ̀ abo ẹṣin tí ó lóyún, fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti ń dáwọ́ dúró. Ní 1966, dókítà Robert Wilson kọ ìwé kan tí ó pè ní Feminine Forever. Ó sọ nínú rẹ̀ pé àìsàn ni kí nǹkan oṣù obìnrin dáwọ́ dúró, àti pé oògùn yóò jẹ́ kí ó máa jẹ́ obìnrin títí ayé. Ìwé náà tà wàràwàrà, àwọn ìwé àtìgbàdégbà sì gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìròyìn. Ohun tí òǹkàwé kò mọ̀ ni pé àwọn olóògùn ń fi owó ti iṣẹ́ Wilson lẹ́yìn. Ní 1975, ìwádìí fi hàn pé estrogen tí a ń lò ní òun nìkan bẹ́ẹ̀ ń mú kí jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ sí i.

Obìnrin náà kọ ìwé tí ó dojú kọ irú nǹkan yìí. Barbara Seaman máa ń kọ̀wé fún àwọn ìwé àtìgbàdégbà obìnrin, Ladies' Home Journal wà lára wọn. Àwọn lẹ́tà tí ó ń gbà lọ́dọ̀ àwọn òǹkàwé rẹ̀ fi yé e pé oògùn onífọ́nrán ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1960, ń ṣe àwọn kan ní jàǹbá, bíi kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ní 1969 ó kọ The Doctors' Case Against the Pill. Ní 1970, sẹ́nétọ̀ Gaylord Nelson pe ìgbẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin dìde ní ìjókòó wọn, wọ́n béèrè ìdí tí a kò fi pe ẹyọ obìnrin kan tí ó ń lo oògùn náà láti jẹ́rìí. Ọdún náà ni àjọ FDA pàṣẹ pé kí ìwé àlàyé ewu máa bá oògùn náà lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ti Ìyáàfin Pinkham. Lẹ́tà àwọn obìnrin ni méjèèjì gbójú lé. Ọ̀kan fi lẹ́tà náà ta oògùn. Èkejì fi í béèrè ìbéèrè.

LÁTI 1985 TÍTÍ DI ÌSINSÌNYÍ

Ní 1985, àjọ FDA tún jẹ́ kí àwọn olóògùn máa polówó oògùn tí dókítà ń kọ fún ará ìlú tààrà, bí wọ́n bá ti kọ ewu rẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè olówó, Amẹ́ríkà àti New Zealand nìkan ni ó gba èyí láàyè. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ṣí ìwé àtìgbàdégbà obìnrin ní Amẹ́ríkà lè rí obìnrin tí ń rẹ́rìn-ín ní ojú ìwé kan, kí ó sì rí ewu oògùn náà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké tí ojú kò fẹ́ kà.

Àpẹẹrẹ méjì tó. Ní 2000, ilé iṣẹ́ Lilly gbé Sarafem jáde fún ìbànújẹ́ líle tí ó máa ń ṣáájú nǹkan oṣù àwọn obìnrin kan. Oògùn fluoxetine ni, èyí tí ilé iṣẹ́ náà ti ń tà tipẹ́ pẹ̀lú orúkọ Prozac. Orúkọ tuntun àti àwọ̀ òdòdó ni wọ́n fún un. Kò pẹ́ tí FDA fi kọ̀wé sí wọn pé ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n wọn kò jẹ́ kí ìyàtọ̀ hàn láàárín àìsàn líle yìí àti ìbínú ojoojúmọ́. Ní oṣù Keje 2002 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí ńlá ti ìjọba, Women's Health Initiative, dá apá kan iṣẹ́ rẹ̀ dúró, nítorí pé àwọn tí ń lo estrogen pẹ̀lú progestin ní jẹjẹrẹ ọmú àti àrùn rọpárọsẹ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ọjọ́ orí àti irú oògùn ń mú ìyàtọ̀ wá, oògùn náà sì ṣì wúlò fún àwọn kan. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀: ta ni ó yẹ fún, fún ìgbà wo, àti pẹ̀lú ewu wo? Ìpolówó kì í dúró dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde ní 1993. Ìlànà àjọ náà kò gbà kí a polówó oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ fún ará ìlú, ó sì ní kí ẹni tí yóò polówó oògùn mìíràn gba àṣẹ ná. Ìlànà náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tí a ń kọ́ ní kíláàsì ń rí ìpolówó lórí fóònù wọn lójoojúmọ́: oògùn ilé ọmọ, oògùn ìrora nǹkan oṣù, oògùn tí ń fọ ara láti inú. Ojú obìnrin kan wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé sí òun ní ìkọ̀kọ̀.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní ìpolówó ọjà, ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin kún un. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ ní tòótọ́? Kí ni ó wà nínú ìgò náà? Kí ni ìpolówó náà kò sọ? Ta ni mo lè lọ bá bí ó bá ṣe mí ní jàǹbá? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè bi ìpolówó ní ìbéèrè wọ̀nyí ti kọ́ ju lítíréṣọ̀ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà di ẹ̀fẹ̀ lórí àwọn obìnrin tí ó ra oògùn. Ìrora wọn kì í ṣe irọ́. Níbi tí ìyá, olùkọ́ àti dókítà bá ti gbọ́ ẹjọ́ ọmọbìnrin láìdójú tì í, kò ní wá ẹni tí yóò kọ̀wé sí lẹ́yìn ìgò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ti san owó ọgbọ́n yìí. Ẹ jẹ́ kí á fi kọ́ àwọn ọmọ wa.